Oyin tí Mo Pè ní Àdàmọ̀dì

Ìjemọ̀,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o fi rán awakọ̀ ilé-iṣẹ́ yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Túsìdeè. Ìyá rẹ ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú wa dùn pé o ti dé Pọtakọ láyọ̀, pé wọ́n ti fún ọ ní yàrá, àti pé àga tí wọ́n gbé sí iwájú awò tí o fi ń sọ kékeré di ńlá kò ga jù fún ọ. Ìyá rẹ ń béèrè bóyá ẹ máa ń rí ẹ̀fọ́ rà níbẹ̀. Dá a lóhùn nígbà tí o bá tún ń kọ̀wé. Èmi ò ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ni mo ní, ó sì gùn díẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dilẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á.

O kọ ọ́ pé wọ́n á máa kó òkúta tí ẹ̀rọ gbẹ́ jáde láti abẹ́ ilẹ̀ wá fún ọ, pé iṣẹ́ rẹ ni láti fi ásíìdì jẹ òkúta náà títí yóò fi ku lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ nìkan, kí o wá kà á lábẹ́ awò, kí o sọ irú igi tó hù níbẹ̀ àti ìgbà tó hù, kí àwọn tó ń wá epo lè mọ ibi tí wọ́n dé. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ẹni tó kàwé tó báyìí ń wá nínú eruku. Má dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ náà ni mo fi tọ́ ọ dé ibi tó mọ, kí n tó kúrò nídìí rẹ̀.

O mọ̀ pé n kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ nílé. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, o bi mí léèrè ìdí tí Ìyá Rábí, tí agboolé wọn kọjú sí tiwa, kì í fi í wo ibi tí mo bá wà. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ìwọ náà ti dàgbà báyìí. O ti jókòó sí irú ìjókòó tí mo wà nígbà tí mo ṣe ohun tí mo ṣe. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò sọ ọ́ kí o lè káàánú mi, n kò sì sọ ọ́ kí o lè bínú sí mi. Ẹni tó bá máa fi ọwọ́ sí ìwé lórí ohun tí àwọn ẹlòmíì kò lè fi ojú rí, ó yẹ kó mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn.

Èkínní ni ti fèrèsé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí wọ́n gbà mí sí yàrá ìwádìí ewéko ní yunifásítì kan, pé kí n máa fọ ìgò, kí n sì máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ni Dókítà Bánjókò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Òun ló kọ́kọ́ ní kí n wo inú awò. Ó gbọn òdòdó ilá sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó ní, "Wò ó, kí o sọ ohun tí o rí." Mo rí ohun roboto kan tó fi ẹ̀gún bo ara bí òòrẹ̀. Ó mú ìyẹn kúrò, ó fi ti ọ̀pẹ sí i, ìyẹn ní igun mẹ́ta. Ti àgbàdo tóbi, ara rẹ̀ ń dán, ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Ti igi irú kì í dá rìn, ńṣe ni wọ́n so mọ́ra wọn ní ìṣù kan.

Ó ní, "Ìdílé igi kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀. Òdòdó á rẹ̀, igi á wó, ewé á jẹrà, ṣùgbọ́n awọ tó bo eruku yìí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹrẹ̀ á fi di òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku tí olú fi ń bí, àti ti àwọn ewéko etí odò tí kì í yọ òdòdó."

Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ ṣe awò tó ń sọ kékeré di ńlá ni wọ́n ti ń wo eruku òdòdó, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé a lè walẹ̀ irà, kí a kà á bí ẹni ń ka ìwé láti ojú ewé ìkẹyìn wá sí ti àkọ́kọ́: pé ibí yìí ti jẹ́ igbó rí, ibí yìí ti di ọ̀dàn, ibí yìí ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gé igi dá oko. Èmi tí n kò tíì kúrò ní Abẹ́òkúta ju ìgbà mẹ́ta lọ, mo gbọ́ ọ, orí mi wú.

Lọ́dún kejì, wọ́n gbé ẹrẹ̀ wá láti inú irà kan létí òkun, wọ́n fi páìpù fà á jáde, ìpele lórí ìpele. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fọ ọ́. Òfin ni pé kí fèrèsé wà ní títì. Oṣù Kẹfà ni, ooru inú yàrá náà pọ̀, òórùn ásíìdì ń ta mí nímú, mo sì ṣí fèrèsé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé, àgbàdo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí mo wo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí eruku àgbàdo. Mo sáré lọ pe Dókítà Bánjókò.

"Ẹ wá wò ó, sà! Àgbàdo ni!"

Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, kò wo ojú mi, fèrèsé ló wò.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹrẹ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àgbàdo gba orí òkun wá sọ́dọ̀ wa. Àgbàdo ọlọ́dẹ lo fẹ́ kí àwọn baba ńlá wa jẹ."

Ó da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà nù, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ti fèrèsé rẹ. Máa wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́. Gbé gíláàsì kan tí o fi òróró pa lójú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ bí o bá ń ṣiṣẹ́, kí o lè mọ ohun tí ń já bọ́ láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tó bá dùn mọ́ ọ jù nínú gbogbo ohun tí o bá rí, òun ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Àṣìṣe yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹ̀rín ni a fi ń rántí rẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí kò fi kọ́ mi tó.

Èkejì ni pé kí o máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé nǹkan wá, kí o sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn ló padà wálé, èmi náà wà lára wọn. Wọ́n fi mí sí yàrá ìwádìí kékeré kan ní Ìbarà, níbi tí a ti ń yẹ irúgbìn, oúnjẹ ẹran àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Yàrá méjì ni, awò kan, ẹ̀rọ kan tí ń fi ìgò yí pòòyì kí ohun inú rẹ̀ lè rì, àti ẹnu ẹ̀rọ omi kan tó ń ṣàn nígbà tó bá wù ú. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Dókítà. N kì í ṣe dókítà, ìwọ náà mọ̀. N kò sọ fún wọn pé n kì í ṣe é. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mo ń sọ: má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ohun tí o kò jẹ́, nítorí bó bá pẹ́, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí gbà á gbọ́.

Nígbà náà, oyin ni Ìyá Rábí ń tà. Ìyá tó bí i ló ti tà á ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin ọdẹ kan ní Olókemejì, Akánbí lórúkọ rẹ̀, ló ń kó o fún un láti inú igbó, a máa gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Láfẹ́nwá, Ìyá Rábí á sì lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé láàárín wọn, nítorí àwọn méjèèjì kò mọ̀wé. Bí àwẹ̀ bá ti ń sún mọ́, àwọn ìyá àsáláátù kì í rà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ń rà á fún ikọ́. Ìwọ fúnra rẹ ti lá nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ọkùnrin kan tó ní ilé ìtajà oògùn ní Èkó gbọ́ òkìkí oyin náà, ó fẹ́ máa ra agbá-agbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta àdàmọ̀dì fún un rí níbòmíràn, nítorí náà ó bù nínú rẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ní Ìbarà kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Rábí tẹ̀ lé e wá. Oṣù Kejì ni, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Oyin ọ̀gbẹlẹ̀ lèyí o. Ó ki ju ti ìgbà òjò lọ. Ẹni tó bá máa lò ó, àfi kó bomi là á dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò níí fi inú rẹ̀ hàn án."

Ọkùnrin ará Èkó náà rẹ́rìn-ín. Nítorí pé ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ wa ni."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni. Oyin ni iṣẹ́ tèmi." Ó sì jáde.

Ìwọ mọ bí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rí ibi tí mo ti ṣìnà. Kò sí bí kòkòrò oyin ṣe lè fa omi òdòdó láìgbé eruku rẹ̀ mọ́ra. Oyin tòótọ́ ní lẹ́búlẹ́bú nínú, omi ṣúgà kò ní. A ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ là á, a ó dà á sínú ìgò kéékèèké, ẹ̀rọ á fi í yí, lẹ́búlẹ́bú á rì sí ìsàlẹ̀, a ó da ti òkè nù, a ó sì wo ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin wúwo ju eruku òdòdó lọ. Bí omi kò bá tó, eruku náà á léfòó. Ẹni tó bá da ti òkè nù nígbà náà, ohun tó ń wá ló dà nù. Mo mọ èyí. Dókítà Bánjókò ti kọ́ mi.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ẹnu ẹ̀rọ kò ṣàn. Omi mímọ́ tó kù fún wa kò kún ìgò kékeré kan. Ó yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fẹ́ padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa ní Ìbarà sì ti yọjú sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé, "Dókítà, ó kù díẹ̀ àbí?" Mo bu ìwọ̀nba omi tó wà sí i. Mo da ti òkè nù. Mo wo gíláàsì kan ṣoṣo, ohun tí mo rí lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àdàmọ̀dì ni, pé ó jọ pé omi ṣúgà ni wọ́n fi là á. Mo fi ọwọ́ sí i. Ìkọ̀wé mi dára lọ́jọ́ náà.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ka ìwé yẹn síta. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Iwájú ilé Ìyá Rábí ló ti kà á, lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn kan ní kí ìyá náà búra. Ó ní òun kò lè fi Kùránì búra lórí ohun tí kì í ṣe òun fúnra òun ló kó o nínú igbó. Wọ́n ní ẹ ò rí i. Ohun tí Ọlọ́hun pè ní ìwòsàn, ó lọ po ṣúgà mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìgò tí àwọn èèyàn dá padà ti tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn ń gbé ìgò sílẹ̀, wọ́n ń lọ ni.

Nígbà tí Akánbí tún gbé oyin dé Láfẹ́nwá, Ìyá Rábí lọ bá a níbẹ̀. Òun náà ti gba ìwé gbọ́. Ó bi í pé kí ló pò mọ́ oyin òun. Akánbí ní òun kò po nǹkan kan mọ́ ọn. Ó ní, "Ìwé ìjọba kì í parọ́, Akánbí." Akánbí wò ó títí. Ó ní, "Ogún ọdún rèé, Ìyá Rábí." Ó gbé agbá rẹ̀ padà sí orí, ó sì lọ jókòó de ọkọ̀ tí yóò gbé e padà. Kò wá mọ́.

Ẹyin lohùn. A máa ń sọ ọ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa rọ̀ bó bá pẹ́. Ti inú ìwé kì í rọ̀.

Nínú oṣù Keje, àgbẹ̀ kan gbé oyin tirẹ̀ wá. Mo fẹ́ fi wé òmíràn, mo sì rántí pé ìyókù ti Ìyá Rábí wà nínú ìgò lórí pẹpẹ. Òjò ti dé, omi kún ilé. Mo bomi là á bó ti yẹ. Nígbà tí mo fi ojú sí awò, ìṣù-ìṣù igi irú ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìyeyè, àràbà, ọ̀pẹ, lóríṣiríṣi, wọ́n kún ojú gíláàsì débi pé mi ò lè kà wọ́n tán. Igbó Olókemejì ló wà níwájú mi. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo ṣe é bí mo ti ṣe é ní oṣù Kejì, pẹ̀lú omi díẹ̀, mo sì da ti òkè nù. Kò sí nǹkan kan. Mo ti fi ẹ̀sùn kàn án pé ó bomi la oyin, àṣé èmi ni mi ò bomi là á tó.

Àbẹ̀kẹ́, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ dé yìí, ẹnikẹ́ni ló lè dé ibẹ̀. Ọwọ́ kánjú ni, omi kò sí ni, ìgbéraga díẹ̀ ni. Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni kò ní àwáwí. Mo dákẹ́. Mo fọ àwọn gíláàsì náà, mo gbé ìgò padà sórí pẹpẹ. Mo sọ fún ara mi pé àwọn èèyàn ti gbàgbé, pé Ìyá Rábí ti ń ta ọṣẹ, pé ọjà ọṣẹ náà kò burú. Mo ń rí i láràárọ̀. Mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn nígbà náà, nítorí kò mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan. Bí ó bá ti dáhùn, n kì í lè jẹun àárọ̀. Ìyá rẹ rò pé inú ló ń run mí, ó ń se àgbo fún mi.

Oṣù Kejìlá ni mo tó lọ bá ọ̀gá wa. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé a ò mọ iṣẹ́ wa ni? Ọ̀rọ̀ oyin ti tán. Lọ jókòó." Mo lọ jókòó, mo kọ ìwé tuntun, mo fi orúkọ ara mi nìkan sí i. Mo gbé e lọ fún ọkùnrin ará Èkó. Ó kà á, ó ká a, ó ní òun ti rí ẹlòmíì tó ń gbé oyin fún òun. Mo sì wá gbé e lọ sí òdìkejì ọ̀nà.

Ìyá Rábí ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka ìwé náà fún un, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo ṣe sí oyin rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Akánbí kò po nǹkan kan mọ́ ọn nígbà náà," ó wí.

"Kò po nǹkan kan mọ́ ọn, Ìyá."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti kú?"

Mi ò mọ̀. Ó ní igi ló wó lù ú nínú igbó. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí mo ti jáde nílé.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé oyin náà dára?"

Mo lè purọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju èmi lọ. Mo ní, "Láti oṣù Keje."

Ó fi ìka kà á. "Oṣù Kẹsàn-án ló kú." Ó na ìka méjì. "Oṣù méjì gbáko ni ǹ bá fi lọ bẹ̀ ẹ́, ká ní mo mọ̀."

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó fi há ìdí ìró rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹ̀wà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ máa lọ." Ọjọ́ yẹn ni ó kí mi mọ.

Mo lọ sí Olókemejì. Mo ka ìwé náà fún àwọn ọmọ Akánbí. Àgbà inú wọn ní, "A ti gbọ́, sà," ó sì fi omi lọ̀ mí. N kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gá wa gbọ́ pé mo ti gbé ìwé kiri, ó gbé mi kúrò nídìí awò, wọ́n ní kí n lọ máa bójú tó ilé tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ tí o ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àwọn nǹkan inú awò ni bàbá rẹ ń ṣe, àpò ajílẹ̀ ni mò ń ṣọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé màá to ìmọ̀ràn náà ní ẹ̀sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n mo rí i pé mi ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó kù kò ní nọ́ńbà.

Ìkánjú àwọn tó ń wá epo á ju ti ọkùnrin ará Èkó lọ. Wọ́n á fẹ́ ìdáhùn kí bàálù tí yóò gbé wọn padà síbi kànga epo tó gbéra. Jẹ́ kó gbéra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí omi kò bá tó, bí ásíìdì kò bá tíì jẹ ẹ́ tó, bí o kò bá tíì wo tó, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò tíì wo tó. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga epo, òkúta ti òkè a máa já bọ́, a dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ẹni tó bá kà á á sì rò pé igi òní ti hù nígbà láéláé. Kò sí ìwé tó lè sọ fún ọ pé ó já bọ́ lọ́jọ́ kan pàtó. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà lè sọ fún ọ. Ó ṣeé ṣe kó má kàwé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀gá rẹ rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ̀rọ̀. Má bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí o bá ṣe àṣìṣe, nítorí o máa ṣe é, ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n náà ni kí o sọ ọ́. Má dúró de ọjọ́ tí ọkàn rẹ á balẹ̀. Kì í balẹ̀. Èmi lérò pé ẹni tí mo ń dá dúró ni èmi fúnra mi, n kò mọ̀ pé mo dá ẹlòmíì dúró pẹ̀lú, tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Máa sinmi ojú rẹ. Wo ọ̀ọ́kán lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan. Má fi ọwọ́ tó kan ásíìdì nu ojú.

Mo fẹ́ parí síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ìyá Rábí wá sí ilé wa. Ìròyìn iṣẹ́ rẹ ti kárí àdúgbò, ìyá rẹ kò ṣe é ní àṣírí. Ìyá náà ti di arúgbó, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ti ríṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Pọtakọ ló wà."

"Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà yẹn náà ni?"

"Irú rẹ̀ ni."

"Oyin ni wọ́n ń gbé wá fún un?"

"Òkúta ni. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ."

"Ta ló ń gbẹ́ ẹ?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ kan ni, níbi kànga epo tó wà láàárín odò lọ́hùn-ún. Kò mọ̀ wọ́n."

"Kó mọ̀ wọ́n," ó wí. "Ẹ bá mi sọ fún un. Kó mọ orúkọ ẹni tó gbé e wá, kó mọ ilé rẹ̀. Ká ní ẹ ti mọ Akánbí ni, ẹ ò bá ti lọ wá a lọ́jọ́ tí ẹ rí òótọ́."

Mo ní màá sọ fún ọ. Ìyá rẹ gbé omi wá, ó ní òun kò fẹ́, ó sì yí padà lọ sí ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.